Ilé Hinderer ní Kúdẹtì: Ta Ni Ó Tọ́jú Ta?

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó ṣe ìlú Ìbàdàn lóore ní ayé àtijọ́, orúkọ àwọn òyìnbó oníwàásù kì í gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ, nítorí àwọn àgbà wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà sọ. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí náà jẹ àwọn baba àti ìyá wa ní gbèsè. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a gbé ìgbésí-ayé ìdílé kan kalẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún wa yìí fún ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, èyíinì ni ìdílé Hinderer ti Kúdẹtì, tí ó bá wa gbé láàrin ọdún 1853 sí 1869.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Alùfáà David Hinderer, láti agbègbè Württemberg, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an níṣẹ́. Ó kọ́kọ́ wá wo Ìbàdàn ní ọdún 1851, ìlú náà sì wù ú. Ní oṣù October 1852, ó gbé Anna Martin níyàwó, ọmọbìnrin ará Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 25. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1853 wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n sì gba Abẹ́òkúta bọ̀ níhìn-ín. Kí ìyàwó tuntun yìí tó fi ojú kan Ìbàdàn ni ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ó dé, tọmọdé tàgbà jáde wá wò ó, nítorí òun ni obìnrin òyìnbó àkọ́kọ́ tí ó wá gbé láàrin wa. Olúgbódé ni Baálẹ̀ nígbà náà, ogun sì ni iṣẹ́ tí a mọ ìlú wa sí.

Ilé alámọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, bí olúkúlùkù ará ìlú, kí wọ́n tó kọ́ ilé tiwọn àti ilé ìjọsìn sí Kúdẹtì. Ọlọ́run kò fún wọn ní ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn, ṣùgbọ́n ilé náà kò ṣófo ní ọjọ́ kan. Àdúrà ni wọ́n fi ń jí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé-ìwé, orin àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìyàwó Hinderer kọ́ èdè wa, ó ń fi í bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ nínú agbo-ilé wọn, “Ìyá” sì ni àwọn ọmọ ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ a máa wàásù ní ìgboro, a sì máa fi àkókò tí ó kù túmọ̀ ìwé. Òun ni ó túmọ̀ ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ti John Bunyan sí Yorùbá.

Kò rọrùn fún òbí kan ní Ìbàdàn ayé ọjọ́ náà láti fi ọmọ rẹ̀ sílé-ìwé. Ìlú jagunjagun ni wá, àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ di ojo. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Ó fi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Akínyẹlé, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yéjídé, lé ìyàwó Hinderer lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Kúdẹtì. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí olóyè yìí ṣe. Àjèjì tí kò ní ìbátan kan ní ìlú, tí kò sì tíì fi ohunkóhun hàn wá, ni ó gbé ọmọ méjì fún. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, ti Olúnlọ́yọ̀ọ́ náà kò kéré. Títí di òní ni orúkọ Yéjídé wà lára ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìlú wa.

Ní ti àìsàn, kò sí dókítà kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn òyìnbó ní gbogbo Ìbàdàn. Àpótí oògùn tí ó wà nínú ilé ni ilé ìwòsàn wọn, kiníìnì sì ni olórí nínú rẹ̀. Dókítà kan, Edward Irving, tí ó ti jẹ́ oníṣègùn nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, wà ní Abẹ́òkúta fún iṣẹ́ C.M.S., ṣùgbọ́n òun pàápàá kú ní ọdún 1855. Ní ọdún kan náà ni Kefer, ẹlẹgbẹ́ Hinderer, kú. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ó di ọdún 1897 kí Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí ọkọ tàbí aya má dùbúlẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ yá a sì di olùtọ́jú èkejì. Bí àwọn méjèèjì bá dùbúlẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ ilé àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn ni ó ń pọn omi, tí ó ń dáná, tí ó sì ń ṣọ́ wọn lóru. Àìsàn ni ó lé wọn padà sílé ní ọdún 1856. Wọ́n tún padà wá ní 1858, Henry Johnson àti ìdílé rẹ̀, tí wọ́n ń ti Sàró bọ̀, sì bá wọn wá.

Ìdánwò tí ó tóbi jù ṣì wà níwájú. Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, sì kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Aláàfin. Ní 1860 ogun bẹ́ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè. Balógun Ìbíkúnlé ni ó ṣíwájú ogun wa. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí. Àwọn Ìjẹ̀bú náà sé ọ̀nà tiwọn. Bí ọ̀nà òkun ṣe sé mọ́ àwọn ará Kúdẹtì nìyẹn.

Ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ ìdí tí èyí fi di ebi fún wọn. Owó ẹyọ ni a ń ná. Ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, ẹrù orí ni fún géńdé ọkùnrin. Láti Èkó ni owó iṣẹ́ wọn ti ń wá, orí ni a sì fi ń rù ú. Nígbà tí ọ̀nà sé, owó kò wọlé mọ́. Oúnjẹ wà lọ́jà, owó tí a ó fi rà á ni kò sí. Ilé sì kún fún àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń wo ojú wọn. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ohun èlò ilé. Ó di pé ẹ̀wà pẹ̀lú epo àti ata ni oúnjẹ òyìnbó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni àwọn ará Ìbàdàn ti ṣe ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Wọ́n yá wọn lówó ẹyọ, wọ́n tà fún wọn láwìn, láìmọ ọjọ́ tí ọ̀nà yóò là. Obìnrin oníṣòwò wà nínú àwọn tí ó ṣe èyí. Ènìyàn tí ó ń ṣòwò mọ ohun tí àwìn jẹ́ ní àkókò ogun: a lè máà rí i gbà láéláé. Síbẹ̀ wọ́n yá wọn. Ìjàyè fọ́ ní oṣù March 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là bọ̀rọ̀. Wàhálà náà gùn tó ọdún márùn-ún. Nínú rẹ̀ náà ni Hinderer ti gba Edward Roper, òyìnbó oníwàásù tí ogun wa mú ní Ìjàyè, sílẹ̀, ó sì gbà á sílé láti jẹ nínú ìwọ̀nba tí ó wà.

Ní oṣù April 1865, Glover tí ó ń ṣe àkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell láti gba inú igbó Ìjẹ̀bú wá gbé ìyàwó Hinderer jáde. Òru ni wọ́n dé láìròtẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni obìnrin náà ní láti fi ilé tí ó ti kọ́ láti ọdún 12 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wà lójú oorun. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn nítorí ìjọ, ó sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Wọ́n tún padà sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n okun ti tán. Ní 1869 wọ́n lọ pátápátá. Ní oṣù June 1870, Anna Hinderer kú ní Norfolk, ẹni ọdún 43.

Ta ni ó wá gbé iṣẹ́ náà dúró? Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó bá wọn wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó di olórí ìjọ ní Ìbàdàn. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi darúgbó, ó sì kú ní ọdún 1912. Àwọn ọmọ Henry Johnson, tí wọ́n dàgbà ní Kúdẹtì, kò gbẹ́yìn. Samuel ni ó kọ Ìtàn àwọn Yorùbá. Nígbà tí ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, tí Samuel sì ti kú ní 1901, Obadiah àbúrò rẹ̀ ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Dókítà ni Obadiah yìí; ó kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wá fi ṣiṣẹ́ ní Èkó. Láti inú ilé tí kò ní ju àpótí oògùn kan lọ ni ọmọ oníṣègùn ti jáde.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Èkíní, oore kì í rin ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn Hinderer kọ́ wa ní ìwé, wọ́n sì fún wa ní oògùn. Àwa fún wọn ní ọmọ, oúnjẹ, owó àwìn àti ààbò. Ẹni tí ó bá sọ apá kan tí ó fi apá kejì sílẹ̀ kò tíì sọ ìtàn. Èkejì, lẹ́tà àti ìwé ìrántí ìyàwó Hinderer ni a tẹ̀ jáde ní ọdún 1872, òun ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí a mọ̀ yìí. Òun kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ó yá a lówó kò kọ tiwọn, orúkọ wọn kò sì sí lẹ́nu wa bí orúkọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi, pàápàá ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn ní ìlú onílùú, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó jẹ́ láti tọ́ ọmọ láàrin àjèjì, kí ará àdúgbò sì bá ni ṣọ́ wọn nígbà tí a bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbàgbé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn agbo-ilé yín kò ní wà títí. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ fi ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ìlú tí ó bá mọ àwọn tí ó jẹ ní gbèsè, tí ó sì tún mọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ojú kì yóò ti ọmọ ìlú bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí ó bá dé.