Kí Ẹ Tó Ra Graphics Card Tuntun fún Kọ̀ǹpútà Géèmù Yín, Ẹ Ka Èyí Ná

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Agége fi oṣù mẹ́rin tọ́jú owó kó lè ra graphics card. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ ló ní, géèmù bọ́ọ̀lù tó ń gbá lórí rẹ̀ sì ń wọ́ bí ìgbín. Ó wọ Computer Village n'Íkẹjà lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ra RTX 3060, ó gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tó ṣí kọ̀ǹpútà ló rí i pé káàdì náà gùn ju àyè tó wà níbẹ̀ lọ, wáyà iná tó yẹ kó wọ ara rẹ̀ ò sì sí rárá. Ó gbé e padà lọ. Ẹni tó tà á fún un kàn nawọ́ sí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Káàdì yẹn ò bàjẹ́, kì í sì í ṣe ayédèrú. Àṣìṣe àbúrò mi ni pé kò wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó wọ inú ìsọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí, kí owó ẹlòmíràn má baà há bẹ́ẹ̀.

Kí ni graphics card ń ṣe gan-an?

Gbogbo àwòrán tí ẹ ń rí nínú géèmù, graphics card ló ń yà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye àwòrán tó bá yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan là ń pè ní FPS. Bó bá jẹ́ 30, géèmù á ṣeé gbá, àmọ́ ojú yín á rí i pé ó ń fà. Bó bá jẹ́ 60, ó ti ń lọ geere nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni kò ní káàdì tiẹ̀. Èyí tó wà nínú processor ló ń lò, ìyẹn sì máa ń yá àyè lára RAM. Ó tó fún Word àti fíìmù. Kò tó fún géèmù ńlá.

1. Ṣé káàdì ló jẹ̀bi lóòótọ́?

Ẹ gbá géèmù yín fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á jáde, ẹ lọ sí Performance. Bí GPU bá wà láàárín 95 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún, tí CPU sì ń sinmi, káàdì ló ń fà yín sẹ́yìn. (CPU tí mò ń wí yìí kì í ṣe àpótí tí gbogbo wa ń pè ní CPU o, processor ni.) Bó bá jẹ́ processor ló kún dẹ́múdẹ́mú, tí GPU wà ní 50, káàdì tuntun ò ní yanjú ẹ̀. Bí RAM bá jẹ́ 8GB péré tó sì ti kún, ẹ kọ́kọ́ fi 8GB mìíràn kún un. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀lẹ̀ jẹ.

2. Mọ́nítọ̀ wo lẹ ní?

Mọ́nítọ̀ 1080p ní àmì kéékèèké bíi mílíọ̀nù méjì lójú. 1440p ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ ó lé díẹ̀, 4K sì ní ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Káàdì ló máa ya gbogbo wọn. Bí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ 1080p, tó sì jẹ́ 60Hz, kò lè fi ju àwòrán 60 hàn yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó lọ ra káàdì olówó ńlá fún irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ra ọkọ̀ eré ìje fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọ̀shòdì.

Ohun kan tún wà. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì àtijọ́, VGA nìkan ni wọ́n ní. Àwọn káàdì òde òní ò ní ihò VGA mọ́, HDMI àti DisplayPort ló wà lára wọn. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

3. Iná: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Power supply ni àpótí irin tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà. Ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí motherboard lè fún káàdì ní 75W, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì tó bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba wáyà láti ara power supply: wáyà 6-pin ń gbé 75W, 8-pin ń gbé 150W. Iye tí àwọn káàdì tó wọ́pọ̀ ń jẹ rè é:

- RTX 3050 6GB: 70W, ọ̀pọ̀ wọn ò nílò wáyà
- GTX 1650: 75W, ọ̀pọ̀ wọn ò nílò wáyà
- RTX 4060: 115W
- RX 6600: 132W
- RTX 3060: 170W
- Intel Arc B580: 190W

Ẹ wá fi èyí wé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Dell OptiPlex 7040, fún àpẹẹrẹ: power supply èyí tó dúró gẹ́gẹ́ bíi tower jẹ́ 240W, ti èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní SFF jẹ́ 180W. Ẹnu wáyà tó wọ motherboard rẹ̀ pàápàá yàtọ̀, kì í ṣe 24-pin tó wà lára power supply tí a ń rà lọ́jà. Ẹ ò kàn lè yọ tilé kẹ́ ẹ ki tọjà bọ̀ ọ́ láìwá wáyà àfikún tó bá a mu.

Àwọn kan á sọ fún yín pé, "Ọ̀gá, má ṣe ìyọnu, wáyà kékeré kan wà tó lè sọ SATA di 8-pin." Ẹ má gbà. Wáyà SATA ò lè gbé irú iná bẹ́ẹ̀. Ó lè yọ́, ó sì lè gbaná.

Ká má gbàgbé owó iná náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná Band A dé ₦225 fún kilowatt-wákàtí kan. Ó ti ń lọ sókè sódò díẹ̀ láti ìgbà náà. Ká fi iye yẹn ṣírò: káàdì 115W, wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, ọgbọ̀n ọjọ́. Ìyẹn jẹ́ kilowatt-wákàtí 13.8, nǹkan bíi ₦3,100 lóṣù. Káàdì 170W á jẹ nǹkan bíi ₦4,600. Ti káàdì nìkan nìyẹn o, a ò tíì ka mọ́nítọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", kó rántí pé ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ fi UPS sáàárín, torí pé NEPA kì í dágbére kó tó mú iná lọ.

4. Ẹ wọn àyè

Tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ti tó. Ẹ wọn láti ẹ̀yìn àpótí, níbi tí ihò káàdì wà, títí dé ibi tí nǹkan ti dí i níwájú. Ẹ wo gíga náà: SFF ń fẹ́ káàdì tí wọ́n ń pè ní low profile, tí kò ga. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò inú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò yẹn lẹ máa fi han ẹni tó ń tà á.

5. Mẹ́mórì àti orúkọ tó jọra

Káàdì ní mẹ́mórì tiẹ̀, VRAM lorúkọ ẹ̀. 4GB ti kéré fún géèmù tuntun, 8GB ló bójú mu fún 1080p, 12GB dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Géèmù Indiana Jones and the Great Circle tó jáde ní 2024 kì í tilẹ̀ ṣí lórí káàdì GTX kankan, àfi kí káàdì yín ní ray tracing. RX 6600 wà lára àwọn tó kéré jù tó gbà.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. RTX 3050 8GB àti 6GB kì í ṣe káàdì kan náà. 6GB yẹn lọ́ra jù. RTX 3060 wà ní 12GB, ó sì wà ní 8GB tí kò lágbára tó o. RX 580 tó ní "2048SP" lẹ́yìn orúkọ sún mọ́ RX 570 ju RX 580 gidi lọ.

Ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà náà ṣe pàtàkì. RX 6500 XT ń gba ọ̀nà tóóró mẹ́rin péré bá motherboard sọ̀rọ̀, nítorí náà agbára rẹ̀ máa ń dín kù lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo PCIe 3.0. Káàdì Intel Arc ń fẹ́ Resizable BAR. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àtijọ́ ò ní in, káàdì á sì máa falẹ̀.

6. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa rà, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum yí ètò rẹ̀ padà, àwọn tó ń fi káàdì wa owó kírípítò sì da ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sọ́jà. Káàdì bẹ́ẹ̀ lè ṣì dára, àmọ́ ó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ má sanwó kí ẹ tó:

- ní kí wọ́n ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà níṣojú yín, kí wọ́n sì gbá géèmù lórí rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán
- wojú mọ́nítọ̀ bóyá àwọ̀ ń fọ́ tàbí ìlà ń yọ
- tẹ́tí sí fáànù bóyá ó ń han
- ṣí GPU-Z, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń fi irú ẹni tí káàdì jẹ́ hàn. Láti 2018 ló ti ń kọ "FAKE" síwájú orúkọ ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́ tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ẹ tún mọ èyí: Nvidia ti dá dráífà géèmù tuntun dúró fún GTX 900 àti GTX 1000 ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta GTX 1060 fún yín bíi pé ọmọ àná ni.

Èwo wá ni kí n rà?

Ìka ò dọ́gba. Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ tọ́fíìsì, tí wáyà 6-pin tàbí 8-pin ò sí nínú ẹ̀, GTX 1650 tàbí RTX 3050 6GB ni tiyín. Bó bá jẹ́ SFF, ẹ wá èyí tó jẹ́ low profile. Bí power supply yín bá jẹ́ 450W tó dáa, tí wáyà 8-pin wà, RX 6600 ló ń fún ni ní èrè owó jù lójú tèmi fún 1080p. Bó bá jẹ́ 550W, RTX 4060 tàbí RTX 3060 12GB. Ẹ mú 3060 bí ẹ bá tún ń ṣe fídíò tàbí 3D, torí mẹ́mórì rẹ̀ pọ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín ò bá ti pẹ́, tí Resizable BAR wà lára rẹ̀, ẹ wo Arc B580 náà.

Bẹ́ ẹ bá ti fi í sí i tán, inú káàdì ni kẹ́ ẹ ki wáyà mọ́nítọ̀ sí, kì í ṣe ihò motherboard. Àìmọye èèyàn ló ti rò pé káàdì àwọn ò ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé ihò àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò.

Àbúrò mi ta RTX 3060 yẹn fọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan n'Íbàdàn, ó sì pàdánù díẹ̀ lórí ẹ̀. RTX 3050 6GB ló ń lò báyìí. Kò lágbára tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń lọ geere. Lọ́tẹ̀ yìí, tépù wà lápò ẹ̀ nígbà tó ń lọ sọ́jà.