Ìyọta: irinṣẹ́ àwọn tó ń tún ọta ìbọn kì

Ìyọta ni irinṣẹ́ tí a fi ń fa ọta kúrò lẹ́nu kátíríìjì tí a ti kì tán, láì yin ín, láì sì ba ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yà mẹ́rin ló para pọ̀ di kátíríìjì ìgbàlódé: kòròfo tí a sábà máa ń fi idẹ ṣe, páráímà tó wà ní ìdí kòròfo tó ń ta iná ran ẹ̀tù, ẹ̀tù fúnra rẹ̀, àti ọta tó dí kòròfo lẹ́nu. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kátíríìjì, ọrùn kòròfo tó fún mọ́ ọta nìkan ló dì í mú. Ohun tó bá ti lè borí ìfúnmọ́ yẹn lè yọ ọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe é: òòlù olórí ike, kọ́lẹ́ẹ̀tì (irin tó ń fún mọ́ nǹkan) tí a dè mọ́ prẹ́ẹ̀sì (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ki kátíríìjì), àti ẹ̀mú. Iṣẹ́ àtúnkì, ìyẹn títún kòròfo tí a ti yìn kì, gbilẹ̀ púpọ̀ láàárín àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń fi ìbọn díje ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi RCBS, Hornady, Lyman àti Frankford Arsenal ti ń ta ìyọta fún aráàlú.

Ìdí tí wọ́n fi ń yọ ọta

Àṣìṣe ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé ìyọta jáde láti inú àpótí irinṣẹ́. Ẹ̀tù tí ìbọn ìléwọ́ ń lò kì í pọ̀. Nínú kòròfo 9 mm Luger, ó ṣeé ṣe kí a da ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì kó má sì kún dé ẹnu. Bí a bá yin irú èyí, agbára rẹ̀ lè fọ́ ìbọn mọ́ni lọ́wọ́. Ìdàkejì rẹ̀ náà léwu. Bí a bá gbàgbé ẹ̀tù pátápátá, páráímà nìkan yóò ti ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, yóò sì há síbẹ̀. Bí a bá tún yin òmíràn lé e, ọ̀pá lè bẹ́.

Àwọn àṣìṣe mìíràn kò hàn sójú bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè ti ọta wọnú jù, èyí tí ń dín àyè inú kòròfo kù, tí ń sì mú kí ipá gáàsì inú rẹ̀ ga. Wọ́n lè fi ọta tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ìwé ìlànà ki kátíríìjì. Gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù, gíréènì kan sì tó nǹkan bíi mílígíráàmù 64.8. Ọta 9 mm tó wọ́pọ̀ jẹ́ gíréènì 115, 124 tàbí 147, ìwọ̀n ẹ̀tù tó bá ọ̀kan mu kì í sì í ṣe ti èkejì.

Àwọn kan a máa jogún páálí kátíríìjì tí ẹnìkan kì nílé, tí kò kọ ohunkóhun sára rẹ̀, tàbí kí wọ́n rà á lọ́jà. Kò sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ irú ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ni pé kátíríìjì tí a bá ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀, ṣe ni ká tú u, ká má yin ín. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ gba ọta àti kòròfo padà ni, nítorí owó ni méjèèjì.

Ìyọta olóòlù

Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rà. Ó rí bí òòlù lóòótọ́: ọ̀pá irin tàbí ike ni ọwọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ sì jẹ́ ike líle tó ní ihò nínú, tí a sábà máa ń lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ẹ̀yìn orí yìí ní ìdérí tí a ń yí dè. A ó ti kátíríìjì wọlé láti ẹ̀yìn, kí imú ọta dojú kọ ibi tí òòlù yóò fi lu nǹkan. Kọ́lẹ́ẹ̀tì kékeré, tí ó jẹ́ ègé irin mẹ́ta tí òrùka rọ́bà so pọ̀, yóò gbá kòròfo mú ní etí ìdí rẹ̀. Nígbà tí a bá yí ìdérí, yóò tẹ kọ́lẹ́ẹ̀tì mọ́ inú, kòròfo kò sì ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ wà nínú òfin àkọ́kọ́ tí Isaac Newton kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1687: ohun tó bá ń lọ yóò máa lọ, àyàfi bí ipá kan bá dá a dúró. Bí dírẹ́bà ọkọ̀ bá tẹ búrékì lójijì, gbogbo èrò a dà síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nígbà tí òòlù bá ba ilẹ̀. Orí òòlù dúró, kòròfo tí kọ́lẹ́ẹ̀tì dì mú dúró, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó di ọta mú ju ọrùn kòròfo lọ, ó sì ṣì fẹ́ máa lọ. Bí òòlù bá ṣe dúró lójijì tó ni ipá tó ń fa ọta jáde ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun méjì tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń lò ó jáde láti inú òfin yìí. Àkọ́kọ́ ni ìwúwo ọta. Ọta .45 ACP tó jẹ́ gíréènì 230, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 15, máa ń tètè jáde. Ọta .223 tó jẹ́ gíréènì 55 kò tó ìdá mẹ́rin ìwúwo yẹn, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ìlù kí ó tó tú. Èkejì ni ibi tí a ó lù ú mọ́. Rọ́bà, kápẹ́ẹ̀tì tàbí tábìlì tó ń mì máa ń gba ipá náà mọ́ra, òòlù kò sì ní dúró lójijì. Ibi tó dára ni orí gẹdú líle tí a gbé nàró, kọnkéré, tàbí òjé tó nípọn. Orí òòlù gbọ́dọ̀ balẹ̀ gbọọrọ, kó má fẹ̀gbẹ́ lé e, nítorí ìlù tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń fọ́ ike.

Ìlù ìwọ̀ntúnwọ̀nsì díẹ̀ sàn ju ẹyọ kan tí a fi gbogbo agbára lù. Lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, a lè wo inú ike bóyá ọta ti ń yọ. Nígbà tí ọta bá jáde, òun àti ẹ̀tù yóò jọ bọ́ sínú ihò orí òòlù. A ó tú ìdérí, a ó mú kòròfo jáde, a ó sì da ìyókù sínú abọ́ kan, ká tó fi òmíràn sí i. Àwọn tó fẹ́ràn ọta olórí rírọ̀ a máa ju fóòmù kékeré tí a fi ń dí etí sí ìsàlẹ̀ ihò náà, kí imú ọta má baà tẹ̀ nígbà tó bá já lulẹ̀.

Ìyọta oníkọ́lẹ́ẹ̀tì

Èyí kò ní ariwo. Orí prẹ́ẹ̀sì àtúnkì ni a ń yí i mọ́, ní ojú ihò tí a ń fi dáì (irinṣẹ́ tó ń tún ìrísí kòròfo ṣe) sí, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7/8 tí ó sì ní eyín 14 nínú íǹṣì kan. Kọ́lẹ́ẹ̀tì tó bá ìwọ̀n ọta mu wà nínú rẹ̀. A ó fi ọwọ́ prẹ́ẹ̀sì gbé kátíríìjì sókè títí ọta yóò fi wọ àárín kọ́lẹ́ẹ̀tì, a ó fún un mọ́ ọn, a ó sì sọ kòròfo kalẹ̀. Ọta yóò dúró sókè, ẹ̀tù kò sì ní dànù, inú kòròfo ni yóò wà. Ti RCBS, ọwọ́ rẹ̀ ni a ń yí láti fún kọ́lẹ́ẹ̀tì. Cam-Lock ti Hornady ní apá kan tí a ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí sì máa ń yá ju yíyí lọ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìwọ̀n ọta kọ̀ọ̀kan ní kọ́lẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ẹni tó ń ki ọta .224 àti .308 yóò ra méjì. Ó sì nílò ibi tó gùn, tó tọ́, tí yóò dì mú lára ọta. Ọta ìbọn gígùn tí a fi bàbà bò bá a mu dáadáa. Ọta òjé lásán máa ń rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì rọrùn láti di ọta ìbọn ìléwọ́ mú bí orí rẹ̀ bá rí roboto tí ìwọ̀nba ló yọ síta.

Ìyọta ẹlẹ́mùú

Ẹ̀mú tó ní ihò oríṣiríṣi ìwọ̀n ni, tí a fi ń gbá ọta mú lórí prẹ́ẹ̀sì nígbà tó bá yọrí láti ojú ihò dáì. Grip-N-Pull ló gbajúmọ̀ nínú wọn. Ẹ̀mú lásán náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n yóò ba ọta jẹ́.

Yíyan èyí tó yẹ

Iye kátíríìjì tí a fẹ́ tú àti ìrísí ọta ló yẹ kó pinnu. Fún ẹni tó ń tú ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ki ọta oríṣiríṣi, òòlù ti tó: owó rẹ̀ kò pọ̀, kọ́lẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta tó ń bá a wá sì lè gba ọ̀pọ̀ jù lọ kátíríìjì tí páráímà rẹ̀ wà láàárín ìdí. Ẹni tó ní páálí ńlá tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irú kan náà yóò rí i pé apá rẹ̀ kò ní gbà á pẹ̀lú òòlù. Oníkọ́lẹ́ẹ̀tì ni kó rà. Ẹni tó ń gbé ilé alájà púpọ̀ náà gbọ́dọ̀ ro ti aládùúgbò rẹ̀, nítorí ariwo òòlù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ní méjèèjì.

Kátíríìjì ológun máa ń le láti tú, nítorí wọ́n sábà máa ń fún ẹnu kòròfo pa tàbí kí wọ́n fi ọ̀dà dí i kí omi má baà wọlé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ fi prẹ́ẹ̀sì ti ọta wọnú díẹ̀, bíńtín báyìí, kí ọ̀dà náà lè já, kí wọ́n tó fà á.

Ààbò

Òfin kan wà tí kò gba àyàfi kankan: a kì í fi òòlù tú kátíríìjì bíi .22 Long Rifle, tí èròjà ìtanná rẹ̀ wà ní etí ìdí. Etí yìí gan-an ni kọ́lẹ́ẹ̀tì ń gbá mú, ó sì lè bú. A kì í fi tú ọta oníná, ọta adánásun tàbí èyí tó ń bú gbàù. Awò ìdáàbòbò ojú jẹ́ dandan. Kò gbọdọ̀ sí iná tàbí sìgá nítòsí, kò sì yẹ kí ẹ̀tù pọ̀ jọ sórí tábìlì.

Àríyànjiyàn kan wà tí kò tíì parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yọ kọ́lẹ́ẹ̀tì inú òòlù, wọ́n a sì fi ìdìmú kòròfo ti prẹ́ẹ̀sì rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ó yára láti fi sí, ó sì yára láti yọ. Àwọn tó ń ṣe é sọ pé àwọn ti lò ó fún ọdún pípẹ́ láìsí ewu. Ní ìdàkejì, ìròyìn wà nípa kátíríìjì tó bú nínú òòlù nígbà tí wọ́n ń lo ìdìmú yìí, ìwé ìlànà àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ náà sì ní kí a lo kọ́lẹ́ẹ̀tì tó bá a wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nínú àwọn ìròyìn wọ̀nyẹn ni ẹnu kò kò lé lórí. Àwọn kan gbà pé kòròfo ń mì nínú ìdìmú, pàápàá bí páráímà bá yọrí síta díẹ̀, tí nǹkan sì lù ú. Àwọn mìíràn ní ìlù náà ló le jù. Bí ó ti wù kó rí, àkókò tí ìdìmú ń gbà là kò tó ohun tí a lè fi ojú tàbí ọwọ́ san.

Lẹ́yìn yíyọ

Páráímà inú kòròfo ṣì wà láàyè. Ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n a yọ abẹ́rẹ́ inú dáì tó ń ti páráímà jáde kí wọ́n tó fún ọrùn kòròfo padà, wọ́n a sì tún un kì. Ọta tí kò ní àpá tàbí ìtẹ̀ ṣeé lò fún ìdánrawò. Ti ẹ̀tù ló gba ìṣọ́ra jù: bí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀ dájú, a kì í dà á padà sínú agolo kankan. Ẹ̀tù tó jọra lójú lè máa jó ní ìyára tó yàtọ̀ gan-an.

Ìtàn àti ipò rẹ̀

Fred Huntington dá RCBS sílẹ̀ ní Oroville, California, ní 1943, Joyce Hornady sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Grand Island, Nebraska, ní 1949. Ìgbà náà ni àtúnkì di iṣẹ́ ìgbafẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdẹ Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sì tú palẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì wà lára ohun tó gbé e ró. Bruce Hodgdon ra ẹ̀tù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń tún ọta kì. Ẹ̀tù 4831 tó sọ ọ́ di olókìkí jáde láti inú kátíríìjì ìbọn ńlá 20 mm tí wọ́n tú. Nígbà tí ti ogun tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tuntun, èyí tí a mọ̀ sí H4831 títí di òní.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 kò gba aráàlú láyè láti máa ṣe ọta ìbọn nílé. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà tó sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí òfin ìpínlẹ̀ tó wà. Lẹ́yìn náà, kó ra ìyọta ní ọjọ́ kan náà tó bá ra prẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí ìyọta bá wà nítòsí rẹ̀ kò ní í rí ìdí láti yin kátíríìjì tí kò dá a lójú.