Ìka Tó Tóbi Ju Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Lọ

Láti ayébáyé ni àwa Yorùbá ti máa ń yẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tuntun wò. Ọmọ tó bá ní ìka mẹ́fà, Olúgbódi là ń pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ míì wà tí ìka rẹ̀ pé márùn-ún, àmọ́ tí ọ̀kan tàbí méjì tóbi ju ìyókù lọ, àtegungun, àtọ̀rá, àtawọ. Kò wọ́pọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí ẹ̀sùn fi máa ń yára wọlé: wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ló jẹ èèwọ̀, àbí pé ayé ló ṣe é.

Ní 1967, Arthur Barsky, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń bá ọmọ dàgbà ní ìwọ̀n. Èkejì ń sáré ju ara ọmọ lọ. Ìyẹn ni kò yẹ ká fi falẹ̀.

Kí ló ń fà á? Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí àṣìṣe nínú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní PIK3CA, èyí tó ń sọ fún ara pé kó dàgbà. Inú oyún ló ti ṣẹlẹ̀, ní apá ibẹ̀ nìkan. Bàbá ò fún un, ìyá ò fún un, kì í sì í ràn.

Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú tó ti pẹ́ jù. Tí ìka ọmọkùnrin bá ti gùn tó ti bàbá rẹ̀, tàbí tí ti ọmọbìnrin tó ti ìyá rẹ̀, dókítà lè dá ìdàgbà egungun náà dúró. Wọ́n tún máa ń dín ọ̀rá ibẹ̀ kù, ó sì lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ti ẹsẹ̀, nígbà míì wọ́n á gé ìka náà kí ọmọ lè wọ bàtà, kó sì rìn dáadáa. Ní 2018, Guillaume Canaud ní ọsibítù Necker ní Paris fi oògùn alpelisib tọ́jú ènìyàn 19 tí àbùdá yìí mú kí ara wọn tóbi lódì, ara wọn sì fúyẹ́. Ní 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tí tiwọn bá le.

Pobè mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń pe egbò Buruli ní àsàsí. Ibùdó tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Pobè níbí ti jẹ́ ká rí i pé àìsàn ni, ó sì gbóògùn.

Nítorí náà, ẹ má fi òwú so ìka ọmọ, ẹ má fi abẹ kàn án. Ẹ tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ fi bíìrò yí i po, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún un ṣe. Bébà méjèèjì ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà. Ẹ má sì gbé ọmọ pa mọ́ sílé o.