Matilda McCrear

Matilda McCrear (nǹkan bí ọdún 1857 – oṣù Kìíní ọdún 1940), tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Àbákẹ́, jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni a mọ̀ pé ó kú gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó sọdá òkun.

Ìgbésí ayé rẹ̀

Ọmọ nǹkan bí ọdún méjì ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọkọ̀ náà gbéra láti Ouidah, ó sì gúnlẹ̀ sí Mobile ní ọdún 1860, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Memorable Walker Creagh ra ọmọ náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Wọ́n ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì fún ẹlòmíràn, wọn kò sì fojú kàn wọ́n mọ́.

Lẹ́yìn tí ó gba òmìnira, ó yí orúkọ Creagh padà sí McCrear. Ọmọ 14 ni ó bí. Ní ọdún 1931, ó rin nǹkan bí kìlómítà 24 lọ sí kóòtù ní Selma láti béèrè owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n wọn kò fún un.

Ìwádìí nípa ìran rẹ̀

Títọpa ìran àwọn tí a kó lẹ́rú ní Amẹ́ríkà ṣòro. Nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1850 àti 1860, orúkọ olówó ẹrú ni wọ́n ń kọ. Ti ẹrú kò ju ọjọ́ orí, àwọ̀, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni. Ọdún 1870 ni ìkànìyàn kọ́kọ́ kọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Òpìtàn Hannah Durkin, ti Yunifásítì Newcastle, fi àkọsílẹ̀ ìkànìyàn àti ti ìdílé wé ọ̀rọ̀ tí Matilda fúnra rẹ̀ bá ìwé ìròyìn Selma sọ, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Ṣáájú èyí, Cudjo Lewis (tí ó kú ní 1935), àti lẹ́yìn náà Redoshi, ni a kà sí ẹni ìkẹyìn. Ọmọ-ọmọ Matilda kan sọ pé òun kò mọ̀ rárá pé ọkọ̀ Clotilda ni ó gbé ìyá àgbà òun wá.

Orúkọ rẹ̀

Àbákẹ́ jẹ́ oríkì àbísọ fún ọmọbìnrin. Ó túmọ̀ sí ẹni tí a bá ni kẹ́. Orúkọ yìí àti ilà ojú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ Yorùbá ni.