Pírófáìlì sọnù

(gbólóhùn, èdè àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà)

Ìtumọ̀. Kí kọ̀ǹpútà má lè ṣí ibi tí aṣàmúlò kan kó ìwé, àwòrán àti ètò ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mọ́ nígbà tí ó bá wọlé. Ọ̀nà tó lọ síbi ẹrù ni ó sọnù. Ẹrù fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà níbi tí a gbé e sí.

Ìṣẹ̀dá. *Pírófáìlì* jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. *Sọnù* jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣeé là sí méjì: “ó sọnù” kò dárúkọ ẹni tó fà á, ṣùgbọ́n “ó sọ ọ́ nù” ní olùṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni *parẹ́*: “ó parẹ́”, “ó pa á rẹ́”.

Àpẹẹrẹ.
1. Iná lọ lójijì. Nígbà tí ó fi dé, pírófáìlì akọ̀wé ti sọnù.
2. Pírófáìlì yín ló sọnù, ẹ̀gbọ́n. Àwọn fáìlì yín kò tíì parẹ́.
3. Ẹni tó fọ́máàtì kọ̀ǹpútà náà ló pa iṣẹ́ àwọn oníbàárà rẹ́.

Ìlò. A máa ń gbọ́ gbólóhùn yìí ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti ìfọ́tòkọ́pì ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tòkúnbọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ṣì ń lo Windows 7, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2009, tí ó sì dẹ́kun àbójútó rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020. Inú fáìlì tí ń jẹ́ NTUSER.DAT ni ètò aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan wà. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, ó lè bàjẹ́. Bí Windows kò bá wá rí i kà, yóò ṣí pírófáìlì ìgbà díẹ̀: ojú kọ̀ǹpútà á ṣófo bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Kí a má fi iṣẹ́ kankan pamọ́ síbẹ̀, nítorí pé yóò bá a lọ nígbà tí a bá jáde.

Ìyàtọ̀ láàárín *sọnù* àti *parẹ́*. Ohun tó sọnù ṣeé wá rí. Èyí tó parẹ́ kò sí níbi tí ó wà mọ́. Bí oníṣẹ́ bá sọ pé “ó ti parẹ́” kí ó tó wò ó, oníbàárà lè gbà kí ó fọ́máàtì ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù á sì parẹ́ ní tòótọ́. Kí a tó lo *parẹ́*, kí a kọ́kọ́ wo fódà tó ń jẹ́ orúkọ aṣàmúlò nínú C:\Users. Nínú Windows XP, C:\Documents and Settings ni.

Ìgbàpadà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: a lè gba ojú aṣàmúlò mìíràn tó ní àṣẹ alákòóso wọlé. Kí a kọ́kọ́ da gbogbo fódà náà kọ sórí díìsìkì mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí a ṣí regedit, kí a sì lọ sí ProfileList lábẹ́ HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Microsoft\Windows NT\CurrentVersion. Bí nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21 bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ọ̀kan parí sí .bak, kí a wo ProfileImagePath láti mọ̀ bóyá ti aṣàmúlò náà ni. Kí a yí orúkọ èyí tí kò ní .bak padà, kí a yọ .bak kúrò lára èkejì, kí a sọ State àti RefCount rẹ̀ di 0, kí a sì tan kọ̀ǹpútà lọ́tun. Bí ó bá kọ̀, kí a dá aṣàmúlò tuntun, kí a sì kó àwọn fáìlì sínú fódà rẹ̀, àyàfi àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NTUSER.

Òdìkejì. *Gba pírófáìlì padà*. A kì í lò ó fún ẹ̀rọ tí a fọ́máàtì tí fáìlì ibẹ̀ kò sì padà wá. Èyí tí a lò níbẹ̀ ni “a bẹ̀rẹ̀ lọ́tun”.