Láti Orí Wáyà Títí Dé pacs.008: Ìtàn Ìwé Tó Ń Tẹ̀lé Owó

Ọ̀rọ̀ owó la gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là. Bí oníṣòwò bá ní kí báǹkì bá òun sanwó ọjà fún ẹnìkan ní Ṣáínà, kò sí ẹni tó ń gbé owó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Báǹkì kan ló ń ránṣẹ́ sí òmíràn pé: ẹ yọ iye báyìí nínú owó wa tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún lágbájá. Bí iṣẹ́ náà kò bá yé ẹni tó gbà á, owó á há sọ́nà, kọ́ńtìnà á sì máa dúró dè é.

Orí wáyà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1871 ni Western Union bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ́lígíráàfù bá àwọn ará Amẹ́ríkà fi owó ránṣẹ́. Nígbà tó di 1918, àwọn báǹkì Federal Reserve ti ní wáyà tiwọn, wọ́n ń fi àmì Morse bára wọn sọ̀rọ̀. Ètò yẹn ló di Fedwire. Kò sẹ́ni tó ń tẹ Morse níbẹ̀ mọ́, àmọ́ wáyà ò kúrò nínú orúkọ rẹ̀.

Tẹ́lẹ́ksì ló wá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró díẹ̀. Lórí tẹ́lẹ́ksì, báǹkì kọ̀ọ̀kan ń kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Kí ó má baà jẹ́ pé gbájúẹ̀ ló ránṣẹ́, akọ̀wé tó gbà á á mú ìwé àṣírí tí báǹkì méjèèjì jọ ní, á fi iye owó àti ọjọ́ tó wà lójú ìwé ṣe ìṣirò, á wá wò ó bóyá nọ́ńbà tó jáde bá èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ mu. Ó ń gba àkókò gan-an ni. Àmọ́ èèyàn ló ń kà á. Bí àdírẹ́sì bá wọ́ra wọn, akọ̀wé á fi làákàyè tú u.

Lọ́dún 1973, báǹkì 239 láti orílẹ̀-èdè 15 pawọ́ pọ̀ dá SWIFT sílẹ̀ ní Brussels, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1977. SWIFT kì í gbé owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò nìyẹn. Fọ́ọ̀mù kan náà ló fún gbogbo wọn. MT103, tó gba ipò MT100 lọ́dún 2003, ni àwọn oníṣòwò wa mọ̀ jù, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè ní báǹkì láti fi han ẹni tó ta ọjà pé àwọn ti sanwó. Nínú rẹ̀, ìlà mẹ́rin ni àlàyé ìdí tí a fi sanwó ní, lẹ́tà 35 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó máa gbowó náà sábà máa ń há sínú irú ìlà mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ san ínfọ́ìsì ogún pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Nígbà yẹn kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ akọ̀wé, kọ̀ǹpútà ò sì ní làákàyè yẹn. Ní Wellington, lórílẹ̀-èdè New Zealand, òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Cuba Street. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín àdírẹ́sì tí wọ́n kó pọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà fòfin dè lè rò pé orílẹ̀-èdè Cuba ni owó ń lọ, á sì dá a dúró.

Ìdí tí ISO 20022 fi wúlò nìyẹn. Ó ti wà láti 2004. Oṣù Kẹta 2023 ni SWIFT gbé e wọ ètò owó tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, Fedwire bọ́ sí i ní 14 Oṣù Keje 2025, nígbà tó sì di 22 Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìgbà MT103 láàárín àwọn báǹkì parí. pacs.008 ló gba ipò rẹ̀. Nínú rẹ̀, nọ́ńbà ilé, òpópónà, ìlú àti orílẹ̀-èdè ní àyè tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí tó kan ẹ̀yin oníbàárà nìyí. Wọ́n ti kéde pé láti Oṣù Kọkànlá 2026, àdírẹ́sì tí a kó pọ̀ láìya ohunkóhun sọ́tọ̀ kò ní kọjá mọ́. Ó kéré tán, ìlú àti orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dá dúró. Lójú tèmi, lẹ́tà tí àwọn báǹkì ń kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí le jù. Wọ́n á pe ISO ní ìgbà mẹ́wàá, wọn ò ní sọ pé: ẹ lọ ṣí ìwé tí ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ wọn sí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Orúkọ tí ẹ ti fi pamọ́ sórí áàpù báǹkì láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, àdírẹ́sì àtijọ́ ló wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò owó iléeṣẹ́ yín ló ń gbé fáìlì ìsanwó jáde, ẹ bi ẹni tó ṣe é fún yín bóyá ó lè ya ìlú sọ́tọ̀. Àdírẹ́sì tiyín náà ń lọ pẹ̀lú owó, "lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, lójú títì" kò sì sọ ìlú kankan. Bí oníbàárà yín bá wà ní Deira, Dubai ni ẹ máa kọ sí àyè ìlú, AE sí ti orílẹ̀-èdè. Bó bá jẹ́ Baiyun ló kọ sórí káàdì rẹ̀, Guangzhou ni ìlú, CN ni orílẹ̀-èdè.