Ìwé Àdéhùn àti Ìjì Òkun: Ìtàn Adójútòfò Ọkọ̀ ní Òkun Karibéánì

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ lórí ilẹ̀, ó jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òkun. Àgbẹ̀ tí ìjì ba oko rẹ̀ jẹ́ ṣì ní ilẹ̀ tí yóò tún ro. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọkọ̀ onígbòkun ṣe ilé, tí òun àti aya àti ọmọ ń gbé inú rẹ̀ láti erékùṣù kan dé èkejì, bí ọkọ̀ náà bá rì, ilé àti ẹrù rẹ̀ rì ní ọjọ́ kan náà. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní òkun Karibéánì. Ìbéèrè tí ó dojú kọ olúkúlùkù wọn ni pé: ta ni yóò bá a ru òfò náà, àdéhùn wo ni yóò sì so wọ́n pọ̀? Ìtàn gígùn wà lẹ́yìn ìbéèrè yìí.

Ẹni tí ó bá mọ èésú ti mọ ìdajì ohun tí adójútòfò jẹ́. Nínú èésú, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń dá owó jọ, olúkúlùkù a sì kó tirẹ̀ bí ó bá kàn án. Nínú adójútòfò, gbogbo wọn ni ó ń dá owó, ṣùgbọ́n ẹni tí òfò bá ṣẹ̀ nìkan ni ó ń kó o. Ẹni tí kò rí òfò a dúpẹ́, a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ní Genoa, ní ilẹ̀ Ítálì, a rí ìwé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tí a kọ ní ọdún 1347. Ní nǹkan bí ọdún 1688, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Edward Lloyd ní ilé kọfí ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ti ń pàdé. Ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bo ọkọ̀ rẹ̀ a gbé ìwé kalẹ̀. Àwọn olówó a sì fi ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú iye òfò tí yóò rù. Láti inú ilé kọfí yìí ni ọjà adójútòfò ńlá ti Lloyd's ti jáde.

Ìjì tí à ń pè ní hurikéènì ni ọ̀tá wọn tí ó le jù ní ìhà ìwọ̀-oòrùn òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú ọjọ́ tí ó dàrú, tí ó ṣí kúrò ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín. Omi òkun tí ó gbóná ni ó ń bọ́ ọ dàgbà bí ó ti ń kọjá lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Júùnù títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Nòfẹ́ńbà ni ìgbà rẹ̀. Ní oṣù Òkìtóbà ọdún 1780, ọ̀kan nínú rẹ̀ kọlu Barbados, Martinique àti àwọn erékùṣù ìtòsí wọn; ènìyàn tí ó kú ju 20,000 lọ.

Ìtàn yìí ní apá kan tí ó dúdú. Ní ọdún 1781, àwọn atukọ̀ Zong, ọkọ̀ ẹrú tí ó kúrò ní etíkun Áfíríkà tí ó ń lọ sí Jàmáíkà, ju ọmọ Áfíríkà tí ó lé ní 120 sínú òkun láàyè. Àwọn tí ó ni ọkọ̀ béèrè owó adójútòfò lórí wọn bí ẹni pé ẹrù ọjà ni wọ́n. Ní ọdún 1783 àwọn adájọ́ ará ìlú ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ dá wọn láre. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ Lord Mansfield sọ pé ó yẹ kí a tún ẹjọ́ náà gbọ́. Olaudah Equiano, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, ni ó gbé ìròyìn náà tọ Granville Sharp lọ. Ìwé àdéhùn kò ní ẹ̀rí ọkàn. Àwọn tí ó kọ ọ́ àti òfin tí ó dè é ni ó yẹ kí ó ní in.

Ní ọdún 1906, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdí ohun méjì múlẹ̀: pé kí àwọn méjèèjì tí ó ń ṣe àdéhùn má fi òtítọ́ kankan pa mọ́ fún ara wọn, àti pé ẹ̀jẹ́ tí ó wà nínú ìwé, dandan ni kí a pa á mọ́ gẹ́lẹ́. Òfin ọdún 2015 dẹ ọwọ́ díẹ̀ lórí èkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tí ó ń gbé inú ọkọ̀, tí ó sọ pé òun kàn ń fi ṣeré ní ọjọ́ ìsinmi ni, ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Grenada ni àpẹẹrẹ tí ó yé ni jù. Ìjì Janet bà á jẹ́ ní ọdún 1955. Lẹ́yìn náà, ó pẹ́ kí irú rẹ̀ tó tún dé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò fa ìlà sórí àwòrán òkun, wọ́n ní ọkọ̀ tí ó bá wà ní gúúsù ìlà náà ní ìgbà ìjì ti bọ́ nínú ewu. Grenada, tí ó wà ní nǹkan bí dígírì 12 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, di ibi ìsádi. Ní ọjọ́ keje oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2004, ìjì Ivan dé. Àwọn ọkọ̀ tí a ti gbé gun òkè ilẹ̀ wó lu ara wọn. Ìjì kò ka ìlà tí ènìyàn fà sí. Ní ọdún 2017 Irma ba àwọn erékùṣù Virgin jẹ́, owó adójútòfò sì gbówó lérí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Júláì ọdún 2024 ni Beryl wó Carriacou, àní ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìjì.

Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n a máa béèrè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ibo ni ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wà, láti ọjọ́ wo títí di ọjọ́ wo? Bí ìjì tí a ti sọ lórúkọ bá ṣe é léṣe, èwo nínú òfò náà ni òun fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rù? Ṣé iye tí a jọ fẹnu kò sí ni a ó san ni, tàbí iye tí ọkọ̀ tí ó ti gbó náà yóò tà lọ́jà? Ta ni yóò san owó gbígbé òkú ọkọ̀ kúrò ní èbúté, ta ni yóò sì san ti ọkọ̀ ẹlòmíràn tí ó bàjẹ́? Owó tí ó kéré jù lè jẹ́ ti ìwé tí ìdáhùn rẹ̀ burú jù.

Adójútòfò kì í dá ìjì dúró, bẹ́ẹ̀ ni kì í rọ́pò okùn tí ó yi àti ìdákọ̀ró tí ó wúwo. Ohun tí ó lè ṣe kò ju pé kí òfò ẹnì kan di ẹrù ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìgbà tí ojú ọjọ́ tutù ni à ń ka ìwé àdéhùn. Ọjọ́ ìjì kì í ṣe ọjọ́ ìwé kíkà.